Ilẹ̀ kan, ìwà mẹ́ta: iwájú le koko, ẹ̀yìn ń dá omi dúró, ẹ̀gbẹ́ kì í rí oòrùn (Ìgbógbó, Ìkòròdú)

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (ọjọ́ 9, oṣù kẹfà)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí, owó mi ń ṣòfò.

Ọdún tó kọjá la kó dé ilé wa ní Ìgbógbó, ìdajì pulọ́ọ̀tì ni. Ọkọ mi ní kí wọ́n da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, mo ní rárá, mo fẹ́ máa já ẹ̀fọ́ nínú ọgbà mi bí ìyá mi ti ń ṣe ní Ìjẹ̀bú. Àṣé wàhálà ni mo fowó ara mi rà.

Mo ra ìbẹ́pẹ mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo gbìn ín síwájú ilé. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra nínú oṣù karùn-ún, ewé wọn pọ́n, wọ́n ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Tòmátò tí mo gbìn sẹ́yìn ti fẹ́ẹ́ máa yọ òdòdó. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ti sorí kọ́. Kò pọ́n, kò gbẹ, tútù ló ṣì tutù, àmọ́ ó ti kú. Òdòdó ixora tí mo tò sí ìdí fẹ́ǹsì ńkọ́? Ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí rèé. Iwájú, ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi típà dà ni, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo bá ju ọkọ́ sí i, ọkọ́ ń ta padà. Ẹ̀yìn dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, omi ń dúró síbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rí tóóró láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, kì í fẹ́ẹ́ rí oòrùn. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń hù láìsí ẹni tó gbìn ín ni gbúre lẹ́yìn.

Kí ni kí n gbìn síbo? Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ǹtì báyìí.

Jẹ́jẹ́ Layé (ọjọ́ 9, oṣù kẹfà)

Ìgbẹ́ adìẹ ni. Ẹ ra àpò mẹ́wàá, ẹ dà á sí gbogbo ilẹ̀ náà, ẹ máa wò ó bó ṣe máa hù. Ìkòròdú tí oko adìẹ kún fọ́fọ́, kí lẹ tún ń wá kiri?

Tísà Àgírìkì (ọjọ́ 10, oṣù kẹfà)

Jẹ́jẹ́ Layé, o ti po oògùn kó o tó bi aláìsàn pé kí ló ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ewé kan fún yín, ẹ bá wa gbẹ́ kòtò tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà, kẹ́ ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá wo aago. Èyí tó bá fà tán láàárín wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, kò sí wàhálà níbẹ̀. Èyí tí omi rẹ̀ bá ṣì wà lọ́jọ́ kejì, gbòǹgbò ọ̀pọ̀ igi á kú sínú rẹ̀. Gbòǹgbò ń mí bí ẹ̀dá ti ń mí. Omi tó bá dúró ti lé atẹ́gùn kúrò nínú ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu erùpẹ̀ tútù sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fún un pọ̀. Bó bá tú ká, iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Bó bá ṣeé yí bí okùn tí kò sì já, amọ̀ ni.

Kẹ́ ẹ sì wo oòrùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sọ ibi tó dé fún wa. Ata, tòmátò, ilá, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń retí èso lára rẹ̀, bí kò bá rí oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ewé lásán lẹ máa rí. Ẹ̀fọ́ tí à ń já ewé rẹ̀ ń fara da òjìji ju ìyẹn lọ.

Bíríkìlà (ọjọ́ 10, oṣù kẹfà)

Èmi kì í ṣe àgbẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tó ń ṣe ixora yẹn. Ta ló mọ ohun tó wà ní ìdí fẹ́ǹsì ju àwa tá a mọ ọ́n lọ? Bí iṣẹ́ bá parí, ìyókù sìmẹ́ǹtì, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, pílásítà tó já bọ́, ibẹ̀ la ń kó gbogbo rẹ̀ dà sí. A ó wa erùpẹ̀ bò ó, a ó gbowó wa, ó dìgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú òdòdó ní Ìkòyí ló là mí lóye. Ixora ń fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, bí ilẹ̀ pupa wa yìí. Irin ló pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, irin tó dógùn-ún ló sọ ọ́ di pupa. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ń pa kíkan ilẹ̀, níbi tí kíkan náà bá sì ti kú, irin á wà níbẹ̀, ixora ò ní lè fà á mu. Ó dà bí ẹni tí ebi ń pa nídìí ìkòkò tí wọ́n fi àgádágodo tì. Ẹ ṣí i kúrò nídìí fẹ́ǹsì.

Ẹ má sì bínú sí bíríkìlà yín. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (ọjọ́ 12, oṣù kẹfà)

Bíríkìlà, Ọlọ́run á dá yín lẹ́jọ́! Mo gbẹ́ ìdí ixora náà. Mo bá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì tó ti dì gbagidi, àti sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì.

Tísà, èsì ìdánwò rèé. Iwájú, dígà la fi gbẹ́ ẹ, omi inú kòtò ṣì kù ju ìdajì lọ lọ́jọ́ kejì. Oòrùn ibẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yìn, mi ò tiẹ̀ ráyè bu omi sí i. Bá a ṣe gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ bàtà kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun wá fúnra rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, oòrùn ń pa á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé, omi fà tán láàárín wákàtí méjì, àmọ́ oòrùn kò lò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ níbẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (ọjọ́ 12, oṣù kẹfà)

Ọmọ mi, omi ń sun láti ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ dúdú, oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, o wá ń sunkún? Àkùrọ̀ lo ní! Àwọn kan ń sanwó háyà rẹ̀ lọ́dọọdún. Létí omi ní Ìjẹ̀dé níbí, ẹ̀fọ́ inú àkùrọ̀ ni mo fi san owó ilé ìwé ọmọ márùn-ún.

Ìgbà lo ṣì mú. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ayé ń gbádùn àkùrọ̀, kì í ṣe òjò. Ní ìgbà òjò yìí, fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí omi kì í pa. Kókò ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n kókò pé méjì o, ẹni tó ń tà á lọ́jà lè má mọ̀. Wo ibi tí igi ewé ti so mọ́ ewé. Èyí tó so mọ́ inú ewé, tó fi etí ewé sílẹ̀ díẹ̀, òun ló lè fẹsẹ̀ rìn nínú omi. Èyí tó so mọ́ etí gan-an, níbi tí ewé ti là, ilẹ̀ tó ń fa omi lòun fẹ́. Gbìn ín sí àbàtà, yóò jẹrà kó o tó wú u. Ìrèké náà á ṣe dáadáa ní eteetí ibẹ̀. Gbúre ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ pé ilé òun nìyẹn, má tu ú dànù, máa já a sọ́bẹ̀.

Bó bá di oṣù kọkànlá tí omi ti lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o kọ ebè, kó ga dé orúnkún, kí poro àárín rẹ̀ jìn. Gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tá a fi ń já a. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí ìdì ewédú bá di wúrà lọ́jà, tí àwọn aládùúgbò rẹ ń ra omi tánkà, ìwọ kò ní fẹ́ẹ́ bu omi rárá, ilẹ̀ ló ń fún un lómi láti ìsàlẹ̀.

Mo fẹ́ bi ẹ́: ṣọ́kàwéè yín, kòtò omi ìdọ̀tí ilé, dà? Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn níbẹ̀ ló wà, má gbin ohun jíjẹ sí sàkání rẹ̀. Òdòdó ni kó o fi síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (ọjọ́ 12, oṣù kẹfà)

Iwájú ni ṣọ́kàwéè wà, Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹ ṣé gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún bàbá àwọn ọmọ, ó ní “àkùrọ̀ kẹ̀!”

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gan-an (ọjọ́ 13, oṣù kẹfà)

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo fẹ́ yára sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan tó wá sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn omi. Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún ní Nóforíjà níbí. Mo gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjìlá sí ibi tí omi ń dúró, mẹ́sàn-án kú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mu omi bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n kì í sùn sínú omi.

Àwọn mẹ́ta tó yè ńkọ́? Orí erùpẹ̀ tá a wú nígbà tá à ń gbẹ́ kòtò ẹja ni wọ́n wà. Ìgbà tí mo rí i ni ojú mi là. Gbogbo wa ń rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ta gbirigbiri lẹ́yìn balùwẹ̀, a rò pé ibi ẹrẹ̀ ló ń gbé, àmọ́ omi balùwẹ̀ yẹn ń ṣàn kọjá ni, kò dúró. Bẹ́ ẹ bá máa gbìn ín, ẹ kó erùpẹ̀ jọ bí òkìtì, kẹ́ ẹ gbìn ín sórí rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ Layé (ọjọ́ 13, oṣù kẹfà)

Mo ti tẹ “ọ̀gẹ̀dẹ̀” tán, mo kù kí n fi ránṣẹ́ 😂. Mo ti pa á rẹ́.

Tísà Àgírìkì (ọjọ́ 14, oṣù kẹfà)

Ó ku iwájú, tòmátò, àti ẹ̀gbẹ́.

Ohun tó pa ìbẹ́pẹ yín ni kòtò tẹ́ ẹ fi gbìn ín. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi erùpẹ̀ dúdú tó rọ̀ kún un, inú yín dùn. Òjò rọ̀, omi gbogbo ìta rọ́ lọ síbi tó rọ̀, ìdí àti ẹ̀gbẹ́ kòtò kò fà á, kòtò di garawa. Nínú gbogbo igi eléso tí à ń gbìn sílé, bóyá ni ọ̀kan wà tí kì í lè dúró nínú omi bí ìbẹ́pẹ. Ọjọ́ méjì péré ti tó láti pa á. Kòtò tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́ tóbi sí i, garawa ńlá lẹ ṣe.

Nítorí náà, ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ yẹn mọ́, orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ to búlọ́ọ̀kù kóòṣì méjì (ìpele méjì) yí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ká, ẹ fi dígà lu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ káàkiri kó lè máa fa omi díẹ̀díẹ̀, ẹ wá fi erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà kún un. Ibẹ̀ ni ilá àti ata máa wà, torí ibẹ̀ loòrùn wà. Ìbẹ́pẹ náà, orí òkìtì. Ibi tẹ́ ẹ kò bá fẹ́ náwó sí, ẹ̀fọ́ Ìyànà-Ìpájà ni kẹ́ ẹ ki igi rẹ̀ bọlẹ̀. Mi ò tíì rí ilẹ̀ tó lágídí tó o. Ewúro, ẹfinrin àti kóríko ọba náà á gbìyànjú, bẹ́ ẹ bá ti ṣe ojú ilẹ̀ kó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ tí omi kò fi ní dúró. Ní ti ìdí ṣọ́kàwéè, Bàbá ti sọ ọ́. Òdòdó bougainvillea á fẹ́ràn oòrùn yẹn, ẹ ṣáà jìnnà sí ojú ọ̀nà tí àwọn ìbejì ń gbà, ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣe eré.

Tòmátò tó kú ní tútù: bí ọ̀kan bá ṣì kù, ẹ gé igi rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ fi ojú ibi tẹ́ ẹ gé kan omi mímọ́ nínú ife gíláàsì, ẹ dúró wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí nǹkan bíi wàrà bá ń sun jáde bí okùn tín-ín-rín, àrùn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tútù àti ooru ló ń gbé e lárugẹ. Kò sí oògùn tẹ́ ẹ máa fọ́n sí i. Ata, ikàn, tòmátò, ẹ̀fọ́ igbó, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n, ẹ má gbin èyíkéyìí nínú wọn síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Inú àpò ìrẹsì ni kẹ́ ẹ gbin tòmátò sí, pẹ̀lú erùpẹ̀ tẹ́ ẹ mú wá láti ibòmíì, kẹ́ ẹ gbé e síwájú.

Ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ dákun, apá wo ni àyè tóóró yẹn wà sí ilé, àríwá ni àbí gúúsù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí i pé oòrùn ọ̀sán ń ṣí kiri. Ní apá Èkó níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá orí wa ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án; àwọn oṣù tó kù, apá gúúsù ni. Fẹ́ǹsì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ní ọjọ́kanrí nínú oṣù kejìlá, òjìji rẹ̀ á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí àríwá. Nínú oṣù kẹfà, gúúsù ni òjìji náà ń ṣubú sí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (ọjọ́ 14, oṣù kẹfà)

Àríwá ni, Tísà. Mo fi fóònù wò ó.

Tísà Àgírìkì (ọjọ́ 14, oṣù kẹfà)

A jẹ́ pé wákàtí kan ààbọ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn ni èyí tó pọ̀ jù lọ́dún. Bí ọyẹ́ bá dé, ilé fúnra rẹ̀ á bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ gbàgbé ilá. Wórówó ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, abẹ́ kòkó ló ti ń wá, òjìji ni ilé rẹ̀. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín náà, igbó ṣíṣú ló ti wá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìrinlẹ̀, ẹ máa kó ewé gbígbẹ sí ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa bu omi sí i. Atalẹ̀ lè wà lápá ẹnu ọ̀nà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ má kàn retí kó ta bíi ti oko.

Ọmọ Àgbọn (ọjọ́ 15, oṣù kẹfà)

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ìṣòro yín dùn. Ẹ wá wo tiwa ní Gberefu, ní Àgbádárìgì: òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn, iyanrìn lábẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbẹ́ kòtò Tísà níbí, omi á ti lọ kẹ́ ẹ tó mú fóònù láti wo aago. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá, etí ewé á máa jó bí ẹni fi iná rà á. Mo ti pa igi ọsàn mẹ́ta.

Àgbọn, tí àwa Ògù ń pè ní agunke, kò ní ìṣòro kankan níbí, ẹ ti mọ ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ béèrè èyí tó kúrú, tó lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó ga lè tó ọdún mẹ́fà kó tó so. Àwọn LASCODA, àjọ ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ àgbọn, lẹ lè kọ́kọ́ bi. Kajú àti igi fúrúùtù (tí àwọn kan ń pè ní almond) náà kò bìkítà fún iyọ̀. Fúrúùtù ni mo gbìn sí ojú atẹ́gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ẹ̀fọ́ pamọ́ sí. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, tẹ̀tẹ̀ mi kì í ga ju ìka lọ. Ànàmọ́ àti ẹ̀pà fẹ́ràn iyanrìn, wọ́n sì rọrùn wú. Pápásan ń hù fúnra rẹ̀ títí dé etí òkun, ẹ̀fọ́ gidi ni, àmọ́ bí mo bá sè é, àwọn ọmọ mi á ní koríko ni mo fún àwọn jẹ.

Ohun tó gbà mí ni èèpo àgbọn, háhá ara rẹ̀. Mo máa ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè jáde, mo máa ń da omi náà nù, mo wá ń rì í mọ́ abẹ́ ebè. Ó ń mu omi sára bíi kànrìnkàn. Bí kànga bá sì ti ń dùn bí iyọ̀ lẹ́nu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má fi wọ́n ewé, ìdí ni kẹ́ ẹ bu ú sí, bí òjò bá sì rọ̀ á fọ̀ ọ́ lọ.

Jẹ́jẹ́ Layé, má jẹ́ kí wọ́n tì ẹ́ lójú. Níbí, òótọ́ lo sọ. Láìsí ìgbẹ́ adìẹ, iyanrìn wa kò ní oúnjẹ kankan nínú.

Jẹ́jẹ́ Layé (ọjọ́ 15, oṣù kẹfà)

Ẹ rí i! Ẹnì kan ti gbè mí. Ní Odógunyàn níbí náà, òun ni mò ń lò.

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (ọjọ́ 16, oṣù kẹfà)

Ìwọ ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó ní ìgbẹ́ adìẹ kò dára. Oúnjẹ ni. Ta ló ń gbé oúnjẹ fún ẹni tó ń rì sómi? Kọ́kọ́ fà á jáde. Ìbẹ́pẹ Ìyá Ìbejì, omi ló pa á, ìwọ fẹ́ bu ọbẹ̀ fún un.

Tútù sì kọ́ là ń lò ó. Kó o jọ, bò ó, kó wà níbẹ̀ fún oṣù kan ààbọ̀ sí méjì. Ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bó bá ṣì gbóná, á jó gbòǹgbò.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (ọjọ́ 21, oṣù kejìlá)

Ẹ kú àsìkò ọyẹ́ o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Tòmátò yẹn, wàrà ló sun jáde nínú ife lóòótọ́, ara mi bù máṣọ. Kókò ti wú, ó dára. Ìrèké ńkọ́? Àwọn ìbejì kò jẹ́ kó gbó. Ebè mẹ́rin ni mo kọ sẹ́yìn ní ìparí oṣù kọkànlá, mo já tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ lánàá. Ọkọ mi ló ń bá mi tu koríko báyìí. Ó ti ń pè é ní “àkùrọ̀ mi”, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀.

Iwájú kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Owó búlọ́ọ̀kù kò jẹ́ kí n ṣe ju ẹyọ kan lọ, ilá ló wà níbẹ̀. Tòmátò inú àpò so, ṣùgbọ́n omi tó ń mu lójúmọ́ pọ̀ jù, mi ò mọ̀ bóyá mo tún máa ṣe é. Ẹ̀fọ́ Ìyànà-Ìpájà ti ga jù mí lọ. Wórówó ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Tísà, ẹ kò parọ́, oòrùn kì í dé ibẹ̀ mọ́ rárá. Ewé eéran kú, èmi ló jẹ̀bi, a lọ sí ìsìnkú ní Ẹ̀pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó bu omi sí i.

Ixora ti wà nínú ike mẹ́fà, ó ti ń tutù padà. Àyè kò sí fún un mọ́. Ẹni tó bá súnmọ́ wa kó wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́.

Bíríkìlà (ọjọ́ 21, oṣù kejìlá)

Ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, mò ń bọ̀ ní Sátidé. Mo fẹ́ tò ó síwájú ilé mi. Mo ti bi ẹni tó mọ fẹ́ǹsì mi pé ibo ló da ìdọ̀tí rẹ̀ sí.